Land Rover sójà tó ti kú sẹ́yìn ilé wa ní Ìsin: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìsin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Land Rover kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Òkè-Onígbìn. Gbàǹjo àwọn ológun ni bàbá ti rà á nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu àti ọsàn láti oko, òun náà ló sì ń gbé ìyàwó tuntun àti aláìsàn nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀ ládùúgbò wa. Láti ìgbà tí bàbá ti jáde láyé, kò sẹ́ni tó bojú wò ó mọ́. Tápólì orí rẹ̀ ti ya dànù, koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀. Àmọ́ ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Èyí tó gùn ni, iná iwájú rẹ̀ wà lára mádígáàdì, pẹtiróòlù ló ń lò. Mo ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ̀ ọ́ láti iwájú, kò mì rárá.

Àwọn àbúrò mi ní ká pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Mẹkáníìkì kan tí mo mú wá wò ó ní ká yọ ẹ́ńjìnnì dànù, ká gbé ti Toyota sí i, ká kùn ún, ó ní kò ní ju oṣù kan lọ. Mo fẹ́ kó dìde, kó sì tún máa lọ oko. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá Wọ́kísọ́ọ̀bù

Àbúrò, o ṣeun tí o ò jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ. Ẹ̀ka NAEME ni mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti ohun ìjà ṣe fún àwọn ọmọ ogun, bárékè Sóbì ní Ìlọrin ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ara irú Land Rover yìí la ti kọ́ iṣẹ́. Fi sùúrù gbọ́ mi.

Má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́ ro koríko yí i ká, kí o sì fi igi gígùn tú abẹ́ ìjókòó àti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ejò àti agbọ́n fẹ́ràn irú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, tú gbogbo àpótí rẹ̀ wò: abẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn ìjókòó, ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ọkọ̀ ogun ni. Bí o bá rí ọta tàbí irin kan tí o ò mọ̀, má gbé e, má fi hámà kàn án, má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹ̀ka tó mọ iṣẹ́ bọ́ǹbù, wọn yóò wá gbé e.

Ó kan nọ́ńbà. Wá páánù kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí nínú ọkọ̀ níwájú ìjókòó. Lẹ́yìn náà lọ sí iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣásíìsì (irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró), wọ́n máa ń lu nọ́ńbà ṣásíìsì sára irin ibẹ̀. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kí o fi fọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ń lọ irin síbẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá pa rẹ́, o ò ní rí ẹni tí yóò gbà pé ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti olè.

Mo tún fẹ́ kí o wo nǹkan díẹ̀ fún mi. Ṣé ibi ìgbé bátìrì méjì wà láàárín ìjókòó iwájú? Ṣé táńkì epo wà lábẹ́ ìjókòó méjèèjì? Bí o bá wólẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀yìn, ṣé wọ́n kun dífù, irin róbótó láàárín táyà méjèèjì tó ń pín agbára fún wọn, ní funfun? Bí àwọn ọmọ ogun bá ń rìn lóru láìtan iná ńlá, iná kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀ ló máa ń tàn sí ibi funfun yẹn, òun ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn fi ń mọ bí ẹni iwájú ṣe jìnnà sí i. Bí o bá rí i, má jẹ́ kí wọ́n kùn ún bò.

Agbẹjọ́rò Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n Ìsin, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ta ló ni ọkọ̀ náà báyìí? Bàbá ti lọ, ogún ni ọkọ̀ yìí, gbogbo ọmọ ló sì ní in. Bí wọn ò bá tíì pín ogún, ẹ lọ ṣe é, ìbáà jẹ́ ní Area Court fún ẹ̀yin Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ ó tún un ṣe, àti bí yóò ṣe rí bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á lọ́la. Mo ti rí ìdílé tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ohun tí kò tó èyí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń kú lọ, kò sẹ́ni tó ń bi í. Ọjọ́ tó bá dán ni gbogbo èèyàn máa ń rántí pé bàbá àwọn ló ni ín.

Ẹ tú àpótí bàbá dáadáa. Ìwé gbàǹjo àti rìsíìtì ni ẹ ń wá. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí pé ó sọnù, kí ẹ sì ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Àwọn wọ̀nyí lẹ ó kó lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Kwara nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ọkọ̀, VIO yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ sójú ọ̀nà. Bí pílétì nọ́ńbà àwọn ológun bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ tú u, ẹ fi pamọ́ sílé. Kò gbọdọ̀ bọ́ sí títì.

Wẹ́dà Ọ̀fà

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tí iṣẹ́ yìí dúró lé. Ṣásíìsì ni.

Ara Land Rover ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Bìrìtéènì ní 1948, irin ò pọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ìyẹn kì í dógùn-ún bí irin. Àmọ́ irin ni ṣásíìsì rẹ̀, irin náà sì ni ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ bá wo ọkọ̀ lókè, ẹ ó ní kò ṣe é ní nǹkan kan, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ṣásíìsì yìí kì í ṣe irin tó kún inú, páànù irin ni wọ́n jó pọ̀ tó wá ní ihò nínú. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ pupa wa á gba ibẹ̀ wọlé, á gba omi dúró, irin á sì máa jẹ láti inú wá síta. Ó dà bí iṣu tí kòkòrò ti wọ̀: ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹ mú hámà kékeré, ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára á dún gan-an. Èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ọ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ tí ìpáàrà ń dà nínú rẹ̀. Níbi tó bá ti dún báyẹn, ẹ fi sukurudíráfà tì í. Bó bá wọlé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Irin tó dábùú lẹ́yìn pátápátá ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn apá tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn tó gbé ara ọkọ̀ dúró, àti ibi tí sípíríǹgì so mọ́. Ẹ tún wo ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀ àti ẹsẹ̀ òpó gíláàsì iwájú.

Bí ihò bá wà, ẹ má gbà kí wẹ́dà fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Irin tó ti jẹ kò gba iná, yóò máa jó kọjá ni. Kí ó gé e títí tó fi dé irin tó mọ́, kí ó wá fi páànù tó nípọn tó ti àkọ́kọ́ dí i, bíi mílímítà 2 sí 3. Kí ó tó gé nǹkan kan, kí ẹ gbé ọkọ̀ sórí igi tàbí búlọ́ọ̀kù tó dọ́gba, kí ẹ sì fi tépù wọn ṣásíìsì láti igun dé igun, lọ́tùn-ún àti lósì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò padé mọ́ láyé, wẹ́dà ló jó o wọ́.

Àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ṣásíìsì, ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni. Ẹ má dí i. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fọ́n ọ́ìlì sí inú rẹ̀ gba ihò wọ̀nyẹn, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ara irin nínú. Bí ọ̀pá gígùn méjèèjì bá ti jẹ jìnnà, ẹ má fi owó ṣòfò lórí alẹ̀mọ́. Wọ́n ṣì ń rọ ṣásíìsì tuntun fún Land Rover yìí ní Bìrìtéènì, tí wọ́n ti rì sínú síǹkì. Owó rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó sàn ju ká jó ìpáàrà mọ́ ìpáàrà.

Ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára: táńkì epo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan táńkì pẹtiróòlù, ì báà ti gbẹ láti ọdún mélòó kan. Èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo gan-an. Ó ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wa níṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tú táńkì kúrò lára ọkọ̀ kí n tó dé pẹ̀lú iná mi. Bó bá jò, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ tuntun.

Ọmọ Ìsin

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. A rí nọ́ńbà níbi tí Bàbá Wọ́kísọ́ọ̀bù sọ gẹ́lẹ́, ó hàn kedere. Ibi bátìrì méjì wà láàárín ìjókòó, táńkì wà lọ́tùn-ún àti lósì, dífù ẹ̀yìn funfun lábẹ́ ẹrẹ̀. A ò rí ọta kankan, àfi ṣọ́bìrì kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Irin ìdábùú ẹ̀yìn ti lu, apá ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ náà ti lọ, àmọ́ ọ̀pá gígùn méjèèjì dún gan-an. Àwọn àbúrò mi ti gbà láti fọwọ́ sí ìwé. Wáyà iná rẹ̀ ni mi ò mọ orí rẹ̀, irin ló bo àwọn kan.

Rẹ́wáyà Gàá-Àkánbí

Ẹ̀gbọ́n, irin tó bo wáyà yẹn ló sọ ohun tí ọkọ̀ yín jẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe láti gbé rédíò ogun ni. Fóòtì 24 ló ń lò, bátìrì fóòtì 12 méjì tí wọ́n so pọ̀ léra. Wọ́n fi irin bo wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́lọ́ọ̀gì kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú rédíò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bátìrì ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ sì má fi gílóòbù fóòtì 12 sí i. Bátìrì kan ò ní lágbára tó láti yí i, gílóòbù fóòtì 12 á sì jó.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà bó ṣe wà, gílóòbù fóòtì 24 ò ṣòro láti rí, tírélà àti 911 ń lò ó, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ńlá lẹ ó ti rí i. Àwọn pọ́lọ́ọ̀gì oníbora yẹn ló máa fún yín ní wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn láti máa lò lóko, ẹ sọ ọ́ di fóòtì 12. Ìyẹn ni pé sítátà, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, kọ́ìlì, dísítíríbútọ̀, mọ́tò wáípà àti gbogbo gílóòbù gbọ́dọ̀ yí padà pọ̀. Ẹ má ṣe é ní àbọ̀. Èmi á yan fóòtì 12 fún ọkọ̀ oko, kí n sì kó gbogbo ohun tí mo tú sínú àpótí kan, kí n kọ orúkọ sí i lára.

Ẹ má lẹ wáyà tí eku ti jẹ. Ẹ fa tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì tẹ̀ lé àwọ̀ tí wọ́n lò: àwọ̀ ilẹ̀ ni èyí tó ti bátìrì wá tààrà, funfun ń ti kọ́kọ́rọ́ wá, àwọ̀ ewé ti gba fíúùsì kọjá, búlúù ni iná ńlá, pupa ni iná kékeré, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì gbára lé ara ọkọ̀ fún ẹ́ẹ̀tì, alumíníọ̀mù àti irin kì í gbọ́ ara wọn yé pẹ́. Ẹ fa okùn ẹ́ẹ̀tì tó nípọn láti bátìrì lọ sí ṣásíìsì, kí ẹ fa òmíràn láti ṣásíìsì lọ sí gíábọ́ọ̀sì.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Òrò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí kò tíì kú. Èyí tó bá jókòó pẹ́ báyìí, ríìngì písítìn ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́ sílíńdà, tàbí kí fáàfù ha.

Ẹ fẹ́ eruku kúrò nídìí pọ́lọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú u, kí iyanrìn má baà já sínú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọmátíìkì tí ẹ fi kẹrosíìnì lú sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa bù kún un. Ẹ ṣí ìdérí fáàfù lókè, ẹ da ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ wọn náà. Ẹ tú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, eku ti kọ́lé síbẹ̀, kò sí àní-àní. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ jíà sí néútírà, kí ẹ ki irin yíyí bọ̀ ọ́, kí ẹ máa tì í díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹni tó bá ní ká fi ọkọ̀ mìíràn fà á kí ẹ́ńjìnnì lè fi tipátipá yí, ẹ má dá a lóhùn, ríìngì á ṣẹ́, ọ̀pá písítìn á tẹ̀. Bí kò bá tíì gbà lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe, ẹ ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ ó rí èyí tó há.

Tó bá ti yí, ẹ má tíì wá iná. Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, ẹ sọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ kó ẹrẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, ẹ fọ ajọ̀ pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì. Ẹ fi fílítà tuntun àti ọ́ìlì 20W-50 sí i. Láìfi pọ́lọ́ọ̀gì sí i, ẹ yí i títí ọ́ìlì á fi gòkè. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣètò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lítà 2.25 yìí, bí sílíńdà rẹ̀ ṣe ń jó tẹ̀ léra ni 1-3-4-2. Àlàfo pọ́lọ́ọ̀gì jẹ́ mílímítà 0.75, ti kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ jẹ́ 0.35 sí 0.40, ti fáàfù jẹ́ 0.25, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Ẹ má lo táńkì rẹ̀ rárá nígbà àkọ́kọ́. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù kékeré kọ́ sókè jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì, kí ẹ fa rọ́bà tuntun láti inú rẹ̀ wá sí kabúrétọ̀ tí ẹ ti fọ̀, kí ohun èlò ìpaná sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó dúró nítòsí.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ má bínú o, èmi fara mọ́ mẹkáníìkì tó ní ká gbé Toyota sí i. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló lè máa bọ́ Land Rover onípẹtiróòlù lọ sóko? Ẹ́ńjìnnì dísù Toyota wà káàkiri, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá Wọ́kísọ́ọ̀bù

Ọ̀rọ̀ rẹ ò burú, ọmọ mi, epo wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì Land Rover yìí àti ṣáàfù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju tirẹ̀ lọ á máa ṣẹ́ ṣáàfù. Wọ́n á gé ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí lára ṣásíìsì, wọ́n á sún rédíétọ̀ síwájú, wọ́n á ṣe ohun tí yóò so ẹ́ńjìnnì àjèjì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, bí léètì kò bá sì gé e gún régé, kílọ́ọ̀ṣì á máa jẹ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí wọ́n pè ní oṣù kan á di ọdún méjì, ọkọ̀ ò sì ní jẹ́ Land Rover mọ́, kò ní jẹ́ Toyota. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sẹ́ńsọ̀, ẹni tó bá ní sípánà àti sukurudíráfà lè mú un délé láti inú igbó. Ìdí tí àwọn ọmọ ogun fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Tí búlọ́ọ̀kù bá ti sán, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì sọ pé ó sán. Ẹ jẹ́ kó yí ná.

Kí n fi èyí kún un: ẹni tó bá lè dé Umuahia, kó lọ wo National War Museum. Ọ̀gágun Tunde Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin wa níbí, ló ṣí i ní oṣù kìn-ín-ní 1985. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọkọ̀ àti ohun ìjà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 jọ sí. Bí èèyàn bá rí wọn, á mọ̀ pé kì í ṣe irin àlòkù la ń sọ.

Ìyá Páàtì Táíwò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Títì Táíwò ní Ìlọrin ni mo ti ń tajà, mo sì ń rí àwọn tó ń wá páàtì Land Rover. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ má wá bá wa pé “ẹ bá mi wá béárìn Land Rover”. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ò bá Land Rover pàdé rí, á ní kò sí. Ẹ mú èyí tó ti bàjẹ́ dání, ẹ fọ̀ ọ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn. Béárìn ọkọ̀, nọ́ńbà ni a fi ń tà á, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀, èyí tó bá nọ́ńbà yẹn mu wà nínú ọkọ̀ mìíràn tó kún títì. Ọ́ìlì síìlì náà rí bẹ́ẹ̀: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti nínípọn rẹ̀ ni ká wọ̀n. Fáńbẹ́ẹ̀tì, họ́ọ̀sì, pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ ò ní tìtorí wọn kúrò ní Ìlọrin.

Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bíi rọ́bà bíréèkì, pátákò kílọ́ọ̀ṣì, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ wò ó ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí kí ẹ ní kí èèyàn yín ní Bìrìtéènì rà á, wọ́n ṣì ń ṣe é níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí owó ẹrù tó ń wọlé ló ń pa èèyàn. Ẹ má gba rọ́bà bíréèkì tí wọ́n ti lò. Ti ẹ̀mí ni, mi ò ní tà á fún yín. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà awakọ̀ ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ Leyland ló ń to Land Rover pọ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, àwọn kan ṣì mọ ilé tí páàtì wà.

Pánẹ́lì Bítà Sángo

Alumíníọ̀mù kì í ṣe páànù tí wẹ́dà ojú títì ń jó. Ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì ágọ́ọ̀nù ló ń jó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rífẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò. Níbi tó ti rún, á ti le, bí ẹ bá ń lù ú bẹ́ẹ̀ á là. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ pa á lára, kí ẹ máa fi iná ràn án láti ẹ̀yìn jẹ́jẹ́ títí ọṣẹ á fi di dúdú, ẹ yọwọ́ iná kíá. Ó ti rọ̀ nìyẹn, ẹ lè wá lù ú padà. Bí iná bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á yọ́ láìfi àmì hàn, torí alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́.

Níbi tí alumíníọ̀mù bá ti kan irin, ẹ fi rọ́bà tàbí ọ̀dá sáàárín wọn, torí bí omi bá wọ ibẹ̀, ọ̀kan á máa jẹ èkejì. Ọ̀dá ìpìlẹ̀ tó wà fún alumíníọ̀mù ni kí ẹ fi kùn ún ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo kíkùn á ṣí.

Lórí àwọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya àwọ̀ aláràbarà ológun sí i lára. Aráàlú tó bá gbé ọkọ̀ báyẹn jáde ń wá ìjàngbọ̀n lọ́wọ́ àwọn ológun àti ọlọ́pàá, wọn ò sì ní kọ́kọ́ béèrè pé ta ni bàbá yín. Àwọ̀ ewé jíjinlẹ̀ tó ń dán wà tí wọ́n ń pè ní Bronze Green, Land Rover ń kun ún sí ọkọ̀ aráàlú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí orí rẹ̀ jẹ́ funfun bíi ẹfun díẹ̀. Ó lẹ́wà. Bí ẹ bá ṣì ń ro àwọ̀ ológun, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ológun ní Sóbì.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Òrò

Mo gbàgbé bíréèkì, kò sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Kí ọkọ̀ yìí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu géètì, kí bíréèkì ti parí: másítà, sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo họ́ọ̀sì, gbogbo páìpù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dúróòmù bíréèkì. Sábẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe ṣúù bíréèkì ayé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ bo imú. Táyà náà, ẹ wo ríìmù dáadáa kí fọ́kánáísà tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọkọ̀ ológun kan ní ríìmù alápá méjì tí nọ́ọ̀tù so pọ̀. Kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó tú irú nọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìsin

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ́ńjìnnì ti yí! Sílíńdà kẹta ló há, ó gbà nígbà tí a tún da ọ́ìlì sí i. Wẹ́dà Ọ̀fà ti gé irin ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣe tuntun. A ti pinnu lórí fóòtì 12, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà la ó sì lò. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀pá jíà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Orí kan pupa, orí kan yẹ́lò. Bàbá nìkan ló mọ̀ wọ́n lò, kò sì kọ́ ẹnì kan.

Bàbá Wọ́kísọ́ọ̀bù

Alhamdulillah. Mo dúpẹ́ fún bàbá rẹ.

Èyí tó tóbi jù ni jíà tí o mọ̀. Yẹ́lò: bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú náà á máa fà, o lè ṣe é nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Pupa: bí o bá fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ á bọ́ sí jíà alágbára fún òkè àti ẹrẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa fà. Dúró pátápátá kí o tó fà á. Láti tú yẹ́lò sílẹ̀, dúró, fa pupa sẹ́yìn, kí o tún tì í padà síwájú, yẹ́lò á fò sókè fúnra rẹ̀.

Má fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí ọ̀dà títì. Kò ní dífù láàárín, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà níbi kọ́nà, ṣáàfù á sì há. Inú ẹrẹ̀, inú iyanrìn, lójú ọ̀nà oko nìkan ni. Kí o sì yọ ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì, ti àpótí ọ̀pá pupa yẹn àti ti dífù méjèèjì kí o tó gbé e jáde. Ọ́ìlì EP90 ni kí o bù sí i. Ṣí bóòtù ìbù-ọ́ìlì ṣáájú kí o tó ṣí ti ìsàlẹ̀, kí o má baà tú ọ́ìlì dà sílẹ̀ tán kí o tó mọ̀ pé bóòtù òkè ti há.